Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n Jáde, Ẹyọ Kan Kò Dé Ibùdó

Àwọn kan a máa sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé eré àwọn ará òkèèrè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi èdè wa sọ nípa eré béésìbọ́ọ̀lù kan tí ó wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1956, ní pápá Yankee Stadium ní ìlú New York.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ènìyàn 9 ni ìhà kọ̀ọ̀kan. Ajùbọ́ọ̀lù ìhà kan yóò ju bọ́ọ̀lù. Ẹnìkan láti ìhà kejì yóò di kùmọ̀ mú láti gbá a, kí ó lè sáré dé ibùdó kìn-ín-ní. Bí bọ́ọ̀lù tí ó dára bá kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú. Bí wọ́n bá hán èyí tí ó gbá kí ó tó kanlẹ̀, ó kú. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀ dé ibùdó, ó kú. Ṣùgbọ́n bí ajùbọ́ọ̀lù bá ju èyí tí kò dára lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀fẹ́ ni onítọ̀hún yóò rìn lọ sí ibùdó. Bí ẹni mẹ́ta bá kú, ìhà kejì yóò gba kùmọ̀. Abala 9 ni eré náà, nítorí náà ẹni 27 ni ó ń kú. Bí 27 bá jáde tí ẹyọ kan kò dé ibùdó, eré àìlábàwọ́n nìyẹn. Ṣáájú 1956, ọdún 1922 ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn nínú ìdíje ńlá wọn.

Don Larsen, ajùbọ́ọ̀lù Yankees, kì í ṣe ẹni tí a lè fọkàn sí fún irú iṣẹ́ yìí. Ní 1954, ó borí lẹ́ẹ̀mẹta, ó pàdánù nígbà 21. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 1956, nínú ìdíje àṣekágbá kan náà pẹ̀lú Dodgers ti Brooklyn, abala kejì ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ìhà kọ̀ọ̀kan ti borí lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n tún gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́.

Larsen nìkan ni ẹnu ń yìn, bẹ́ẹ̀ igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní abala kejì, Jackie Robinson, ọkùnrin tí ó ṣí ilẹ̀kùn ìdíje ńlá fún àwọn ènìyàn dúdú ní 1947, gbá bọ́ọ̀lù líle. Ó ta lára Andy Carey. Gil McDougald mú un, ó sì jù ú sí ibùdó kí Robinson tó dé. Ní abala karùn-ún, Gil Hodges gbá tirẹ̀ jìnnà. Mickey Mantle sáré tẹ̀lé e, ó hán an. Mantle yìí náà ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà ní abala kẹrin.

Bí òpin ti ń súnmọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ Larsen kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Èèwọ̀ ni láàrin wọn láti dárúkọ irú eré bẹ́ẹ̀ kí ó tó parí. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa tí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Dale Mitchell ni ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Bọ́ọ̀lù kọjá, kò gbá a. Babe Pinelli, onídàájọ́, ní ó dára. Yogi Berra fò mọ́ Larsen. Bọ́ọ̀lù 97 ni Larsen jù; Yankees borí pẹ̀lú 2 sí òdo, wọ́n sì borí nínú ìdíje náà ní eré keje. Títí di òní, kò tíì sí eré àìlábàwọ́n mìíràn nínú àṣekágbá wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo ti lo ‘ajùbọ́ọ̀lù’, ‘ibùdó’, ‘abala’ àti ‘kú’. Bí ẹ bá ní èyí tí ó sàn jù, ẹ fún wa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ mọ́ pé èdè wa kò tó o sọ.