Agbo Mélòó Ni Àrùn Johne Ti Wọ̀?

Ìṣirò méjì ló wà nípa iye agbo màlúù oníwàrà tí àrùn Johne ti wọ̀ ní Amẹ́ríkà, ìgbẹ́ ẹran kan náà ni wọ́n sì fi ṣe méjèèjì. Lọ́dún 2007, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ bu ìgbẹ́ láti ilẹ̀ ọgbà ẹran ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wàrà ti ń wá jù. Wọ́n ní nínú agbo 100, nǹkan bí 68 ni kòkòrò àrùn náà wà. Nígbà tó di 2013, àwọn olùwádìí gbé àbájáde yẹn yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ro ti àwọn agbo tí àyẹ̀wò lè ti fojú fò mọ́ ọn, 68 sì di 91. Kì í ṣe pé àrùn ràn sí i láàárín ìṣirò kìíní àti ìkejì. Ohun tó yí padà ni bí wọ́n ṣe gba àyẹ̀wò náà gbọ́ tó.

Èmi fara mọ́ 91. Ẹni tó bá mọ bí àrùn yìí ṣe ń rìn yóò mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ màlúù ló sábà máa ń kó o, láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n bí i, bó ṣe ń mu ọmú tí ìgbẹ́ ti ta sí, tàbí wàrà ìyá tó ti ní in. Àwọn kan tilẹ̀ ń kó o láti inú oyún. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni ò ní rí àmì kankan. Ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, màlúù ń jẹ, ó ń bímọ, wọ́n ń fún wàrà rẹ̀. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹran ń jẹun dáadáa síbẹ̀ tó ń rù, ó ti pẹ́ tó ti ń da kòkòrò náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tuntun. Kò sì sí oògùn tó ń wò ó sàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1895 ni àwọn olùwádìí méjì, Johne àti Frothingham, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Dresden, ní Jámánì.

Àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹ̀jẹ̀ tàbí ti wàrà, tí wọ́n fi ń wá èròjà tí ara ẹran fi ń bá kòkòrò náà jà. Ó yá, owó rẹ̀ kò sì ga. Ṣùgbọ́n ara màlúù kì í sábà pèsè èròjà yẹn títí àrùn á fi jinlẹ̀ sí i lára. Nínú àwọn tó ti kó o tí kò tíì hàn lára wọn, èyí tó pọ̀ jù ni àyẹ̀wò yìí máa ń fojú fò. Kí wọ́n mú ìgbẹ́ kí wọ́n sin kòkòrò inú rẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kòkòrò náà lọ́ra débi pé ó ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́rin, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Màlúù tí kò ní nǹkan kan pàápàá lè jẹ koríko tí ìgbẹ́ ẹlòmíràn ti bà jẹ́, kí kòkòrò gba inú rẹ̀ kọjá, kí àyẹ̀wò sì sọ pé òun náà ti kó o.

Àwọn oníṣègùn ẹran ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń lò tipẹ́: bí màlúù kan bá ṣàìsàn gbangba, kí a mọ̀ pé 15 sí 25 mìíràn ti kó o nínú agbo yẹn. Ìfojúbù ni. Ó wúlò láti fi ta olóko jí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ka màlúù orílẹ̀-èdè.

Ní Yúróòpù, ìwádìí kan tó kó èyí tó ti jáde ṣáájú jọ lọ́dún 2009 rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò ṣeé fi wéra. Èyí tó lè wí kò ju pé ó ṣeé ṣe kí àrùn wà lára nǹkan bí màlúù 20 nínú 100, kó sì wà nínú agbo tó ju ìdajì lọ. Ti Sweden yàtọ̀. Láti 1952 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá fura sí i sọ fún ìjọba, wọ́n sì máa ń pa gbogbo agbo tí wọ́n bá ti rí i. Mo gbà pé ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, torí pé wọ́n ń wá a.

Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ ni àwọn ètò àfinúfíndọ̀ tí wọ́n ń fi fún agbo ní ipò. Olóko á fi ẹran sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, bí wọn kò bá rí nǹkan kan fún ọdún mélòó kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewu agbo rẹ̀ kéré. Ẹni tó yẹ ẹran rẹ̀ wò tó sì bá àrùn níbẹ̀ ni owó ẹran rẹ̀ ń já. Aládùúgbò rẹ̀ tí kò yẹ nǹkan kan wò ń ta tirẹ̀ ní iye tó pé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rí báyìí, ta ni yóò wá forúkọ sílẹ̀? Iye tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gbé jáde, ti àwọn tó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ń dùn mí tí wọ́n bá wá gbé e síta bí ẹni pé ti gbogbo oko ni.

Àgùtàn àti ewúrẹ́ ni wọn kò tilẹ̀ kà dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n kàn ń rù ni, olóko á ní aràn ni tàbí eyín tó ti gbó, á sì tà wọ́n. Lọ́dún 1933, Iceland ra àgùtàn karakul 20 láti Jámánì. Ara wọn le lójú, wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pín wọn fún àwọn olóko. Àrùn Johne wà lára àwọn àrùn tí wọ́n gbé wọ erékùṣù náà, àgùtàn ibẹ̀ kú lọ bẹẹrẹ, ó sì di pé kí wọ́n máa gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ra ẹran lónìí kì í sábà sọ gbogbo ohun tó yẹ: ẹran mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò, ọdún mélòó ni wọ́n, irú àyẹ̀wò wo ni, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni wọ́n ṣe é.