Ẹni tí ó ń kàwé lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ó kà á lọ́jọ́ ọjà pẹ̀lú

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ohùn orin a máa ti inú àwọn ilé ìjọsìn Tchaourou jáde sí etí ọ̀nà ńlá tí ó ti Cotonou lọ sí Parakou. Lóde, àwọn ọkọ̀ ẹrù ń kọjá, àwọn zémidjan ń fun fèrè. Nínú ilé, oníwàásù a dárúkọ ìwé, orí àti ẹsẹ. Nígbà náà ni a máa ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni méjì. Ọ̀kan ṣí Bíbélì rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Èkejì mú Bíbélì dání, ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni ó ń wò.

Fún àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ọ́kà, láti ipò èkejì bọ́ sí ipò èkínní kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń fi etí gbọ́ láti ọdún pípẹ́, ó wá ń fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ jù lọ kí Bíbélì tó dé èdè Yorùbá, òun náà kò mọ lẹ́tà kankan ní ìgbà èwe rẹ̀. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òṣogùn ni. Ní 1821, ogun kó o lẹ́rú, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ní 1825, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì ń jẹ́ Samuel Àjàyí Crowther.

Ní 1843, ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Ní 1864, wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Òun àti àwọn mìíràn ṣe ìtumọ̀ náà ní apá kan lẹ́yìn apá kan, títí odindi Bíbélì fi jáde ní èdè Yorùbá ní 1884.

Bí Nàgó Tchaourou bá ṣí Bíbélì yìí, ó lè rí ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ nílé rẹ̀, nítorí pé Yorùbá tí ó sún mọ́ ti Ọ̀yọ́ ni a fi kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ɛ àti ɔ ni ó kọ́ ní kíláàsì, kí ó wá bá ẹ àti ọ nínú ìwé. Kí èyí má ṣe dẹ́rù bà á. Ohùn kan náà ni. Aṣọ ni ó yàtọ̀. Kí ó ka gbólóhùn náà sókè. Etí a máa dá ohun tí ojú kò tíì mọ̀ mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì ṣòro, kí ó béèrè. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹjọ, a rí ìjòyè ará Etiópíà kan tí ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ó ń ka ìwé wòlíì Aísáyà. Fílípì bi í bóyá ohun tí ó ń kà yé e. Ọkùnrin náà kò díbọ́n. Ó ní òun nílò ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà, ó sì ní kí Fílípì gòkè wá jókòó ti òun. Ènìyàn ńlá ni, ó ń ṣọ́ ìṣúra ayaba. Síbẹ̀, ìbéèrè kò tì í lójú.

Ẹ̀kọ́ yìí kò parí sí ilé ìjọsìn. Ọ̀pọ̀ ni ó ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé tí kò kà lọ́jọ́ Ajé. Wọn a ní Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe Faransé. Bí ìjọba bá kéde iye tí owó kílò kajú kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ jù, àgbẹ̀ tí ó mọ nọ́ńbà lè wo òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, kí ó ṣírò owó rẹ̀ kí àpò tó kúrò nílẹ̀. Obìnrin tí ó ń ta gàrí lè ka iye owó tí ó wọlé sórí fóònù rẹ̀, láì fi nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ han ọmọ aládùúgbò.

Orúkọ náà ń bẹ. Lórí ìwé ìbí ọmọ, Ajíbádé a máa di Adjibadé. Ṣ a máa di ch. Òbí tí ó mọ èyí lè rí àṣìṣe kan lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe ìdánwò. Ní ti ìwé ilẹ̀, kí a wo orúkọ, ọjọ́ àti iye owó. Kí ẹni tí a fọkàn tán sì túmọ̀ ìyókù ní Yorùbá. Ìgbà tí ó bá yé wa tán ni kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ń kánjú wa pé kí a yára tẹ̀ ẹ́, òun gan-an ni kí a ní kí ó dúró.

Ohun kan ni ó ń pa ìmọ̀ọ́kà: kí a kọ́ ọ tán, kí a sì pa á tì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹsẹ Bíbélì mélòó kan ti tó. Lẹ́yìn náà, kí a mú ìwé mìíràn: páálí oògùn, ìwé owó iná, tàbí ojú ewé yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìka tí ó ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ó máa tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ ìka títẹ̀ nìkan mọ́.