Kí Ni A Ó Jẹ Lọ́la? Ètò Oúnjẹ Ìgbà Ooru ní Amẹ́ríkà Àtijọ́

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú ilé: "Kí ni a ó jẹ?" Bí a bá dá a lóhùn lónìí, yóò tún dé lọ́la bí agbowó-orí. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ìyá ilé ní Amẹ́ríkà ti ń dá a lóhùn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn, nígbà ooru wọn, láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ, kí fíríìjì tó wọ ilé wọn.

Ní ọdún 1896 ni Fannie Merritt Farmer, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìdáná kan ní ìlú Boston, mú ìwé ìdáná rẹ̀ jáde. Ọkàn àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ kò balẹ̀ pé yóò tà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó san owó 3,000 ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà tàn kálẹ̀. Arábìnrin yìí kò fẹ́ kí a máa fojú díwọ̀n: ife àti ṣíbí ni kí a fi wọn nǹkan, kí a sì fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kí ó tẹ́jú. Ní ìparí ìwé náà ni ó to àwọn oúnjẹ tí ó bá ara wọn mu jọ, ti òwúrọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́.

Báwo ni oúnjẹ ńlá ọjọ́ kan ti rí? Omi ọbẹ̀ fúyẹ́ ni ó ń ṣáájú. Ẹran tàbí ẹja a tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó tuntun àti ẹ̀wà òyìnbó tútù. Lẹ́yìn èyí ni ewé lẹ́tùúsì tí a fi òróró àti ọtí kíkan pò, àti ní ìgbẹ̀yìn, èso tàbí áísìkiriìmù, pẹ̀lú kọfí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje, ọjọ́ ìrántí òmìnira wọn, ẹja sámọ́nì àti ẹ̀wà tútù ni àṣà àwọn ará New England, nítorí ìgbà náà ni ẹ̀wà náà ń dé láti oko. Oko ni ó kọ́kọ́ ń yan oúnjẹ, kí ìyá ilé tó yàn án.

Ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ní ètò tirẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, a ó sun ẹran ńlá. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀. Ta ni yóò tún dúró ti iná? Ẹran àná ni a ó gé pẹlẹbẹ, tí a ó jẹ ní tútù. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, egungun rẹ̀ a di omi ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni a ó pa ẹran àná mọ́ sí nínú ooru? Inú àpótí yìnyín ni. Ní ìgbà òtútù, àwọn òṣìṣẹ́ a fi ayùn gé yìnyín lórí odò bí Hudson àti Kennebec, a ó sì fi ìyẹ̀ igi bò ó títí ooru yóò fi dé. Ìyá ilé a fi páálí sí ojú fèrèsé, kí ẹlẹ́rù yìnyín lè mọ̀ bóyá 25 pọ́n-ùn ni ó ń fẹ́ tàbí 50. Abọ́ kan wà lábẹ́ àpótí náà tí ń gba omi. Bí a bá gbàgbé láti dà á nù, omi a kún ilẹ̀ ilé ìdáná.

Wàrà ni ó léwu jù. Nígbà ooru, ìgbẹ́ gbuuru tí wàrà bíbàjẹ́ ń fà a máa pa ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ ní ìlú ńlá. Ní ọdún 1893, Nathan Straus bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè wàrà tí a ti gbé ka iná fún ọmọ àwọn tálákà ní New York. Ní ọdún 1908, Chicago fi òfin sí i. Nítorí náà, ètò oúnjẹ wọn kì í ṣe ọ̀ràn adùn nìkan. Ẹ̀mí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ẹni tí ó dúró ti iná. Nínú ilé ọlọ́rọ̀ púpọ̀, pàápàá ní ìhà gúúsù, àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó ń dáná tí ẹlòmíràn ń gba ìyìn. Rufus Estes, tí a bí sínú oko ẹrú ní Tennessee ní ọdún 1857, di alásè nínú ọkọ̀ ojú irin àwọn ọlọ́lá. Ní ọdún 1911, ó tẹ ìwé ìdáná tirẹ̀ jáde ní Chicago, orúkọ rẹ̀ gan-an sì ni ó wà lára rẹ̀.

Ní ti àwa tí a ń kọ ìwé yìí, kò tíì pẹ́ tí a fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta láìgbé e ka iná, a ní iná mànàmáná yóò dé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí fíríìjì lè ṣiṣẹ́. Kò dé. Nígbà tí a ti ilé ìsìn bọ̀, ọbẹ̀ ti kan, gààrí àti ẹ̀pà ni a sì fi gba ọjọ́ náà. Ẹ̀bi wa ni.

Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé, kí ẹ kọ oúnjẹ ọjọ́ méje sínú ìwé: èyí tí ó pọ̀ lọ́jà, èyí tí yóò tètè bàjẹ́, àti ẹni tí yóò lọ ata. Ẹ̀yin baálé pẹ̀lú, ẹ má ṣe máa béèrè pé, "Kí ni a ó jẹ?" nígbà tí ẹ kò tíì fi owó ọbẹ̀ sílẹ̀.