Ká ní kọnkéré lè jẹ́rìí

Bí Ojúde Ọba bá ti ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ rìn yí Ìjẹ̀bú-Òde ká, àwọn akunlé ò ráyè. Ibi tí ògiri ti lanu, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n á fi dí i, ọ̀dà ló kù. Àlejò dé, ilé ń dán. Ta ló mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà?

Kọnkéré kan wà tó mọ̀. Ní 1993, Deborah Chung àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Buffalo, l'Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí kọnkéré tí wọ́n po fọ́nrán carbon mọ́, èyí tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá ti ń lanu nínú, ọ̀nà iná á yí padà, ẹ̀rọ á sì mọ̀ kí ojú tó rí i. Irú rẹ̀ tún lè gbóná: l'áfárá Roca, ní Nebraska, kọnkéré tí wọ́n po irin wẹ́wẹ́ àti carbon mọ́ ló yọ́ yìnyín. Ìyẹn ò kàn wá, ooru tiwa ti tó wa.

Ẹ̀rí ló kan èmi tí mo kàwé òfin. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, 2021, ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, n'Íkòyí. Èèyàn tó lé ní 40 ló kú, ẹni tó ń kọ́ ọ gan-an wà lára wọn. Ta la fẹ́ bi?

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé onílé nìkan ló ń rí ohun tí ẹ̀rọ sọ, ọ̀dà mìíràn náà nìyẹn. Kí òfin mú un dé ọ̀dọ̀ ìjọba, kí ayálégbé sì lè béèrè rẹ̀ kó tó san owó ọdún méjì.