Táyà Wo Ni Ká Fi Owó Ẹgbẹ́ Rà?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń yá owó ra táyà jíìpù. Bí táyà bá bẹ́, gbèsè rẹ̀ kò bá a bẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ka ara táyà kí á tó sanwó.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀: 1824 ni ọ̀sẹ̀ 18 ọdún 2024. Tòkúnbọ̀ lè máa dán, kó sì ti gbó.

Lẹ́tà tó parí ìwọ̀n rẹ̀ ń sọ eré tó lè gbà: H jẹ́ kìlómítà 210 ní wákàtí kan, V jẹ́ 240. Kó má ṣe kéré sí ti ìwé ọkọ̀.

Àmì òkè àti yìnyín, ti ilẹ̀ òtútù ni. Òjò ni tiwa: ẹ wo ihò jíjìn tí omi yóò gbà jáde.