Ọ̀kan Kì í Ṣe Ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọmọ ọ̀kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn." Kí ni onímọ̀ èdè mọ̀ nípa wáyà? Àmọ́ mo mọ ìtàn kan.

Lóṣù kẹfà ọdún 2019, Raspberry Pi 4 jáde, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gba iná láti ihò USB-C. Ojú méjì ló wà nínú ihò náà tí wọ́n ń pè ní CC. Ìlànà ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní resistor kilohm 5.1 tirẹ̀. Resistor kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí méjèèjì. Okùn lásán ń gbé iná wá, ṣùgbọ́n bí okùn bá ní chip nínú, ṣájà á rò pé ohun tí a fi ń gbọ́ orin létí ni, kò ní fún un níná. Wọ́n gba àṣìṣe wọn, wọ́n sì tún un ṣe nínú bọ́ọ̀dù tó tẹ̀lé e.

Ẹ rántí àpètúnpè? "Fún ọmọ méjèèjì ní ọsàn kan", ọsàn kan ni. "Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan", ó di méjì.

Nítorí náà, ọmọ mi, kọ gbogbo "gbọ́dọ̀" inú ìlànà sílẹ̀, kó o kọ bó o ṣe máa dán an wò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣe márùn-ún kó o tó ṣe ẹgbẹ̀rún. Má fi okùn tìẹ nìkan dán an wò, yá tàwọn ẹlòmíì. Kí ẹni tí kò bá ẹ ṣe é sì bá ẹ kà á. Kò sí ìtìjú nínú àṣìṣe tí wọ́n rí lórí ìwé. Kó má ṣáà dé ọjà.