Orúkọ Ọlọ́run tí ó fara sin nínú Ìwé Mímọ́ àwọn Hébérù

Nínú Ìwé Mímọ́ àwọn Hébérù, orúkọ kan wà tí a kọ ní ìgbà tí ó ju 6,800 lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ bí àwọn ará àtijọ́ ti ń pè é. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin ni a fi kọ ọ́: Y, H, W, H. Ìwé Ẹ́kísódù 3:14-15 so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí 'wà'.

Ohun méjì ni ó mú kí orúkọ náà fara sin. Èkíní ni ọ̀wọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, nínú àṣà Yorùbá àtijọ́, kì í ti í fi orúkọ àbísọ pe ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Júù dẹ́kun pípe orúkọ yìí. 'Adonai', èyíinì ni Olúwa, ni wọ́n ń kà dípò rẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà ìkọ̀wé, nítorí kọ́ńsónáǹtì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kọ. Bí a bá kọ Yorùbá bẹ́ẹ̀, 'gb' ni yóò dúró fún igbá, àgbà àti ẹgbẹ́.

Nígbà tí àwọn akọ̀wé Másórà fi àmì fáwẹ̀lì sí ìwé náà, fáwẹ̀lì Adonai ni wọ́n fi sí lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyí, kí òǹkàwé lè rántí ohun tí yóò pè. Àwọn mìíràn pa méjèèjì pọ̀, ni 'Jehofa' fi jáde. Bíbélì Yorùbá, tí Ajayi Crowther jẹ́ òléwájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀, lo OLÚWA níbi púpọ̀, ó sì lo Jehofa ní Ẹ́kísódù 6:3.

Nínú ìwé Ẹ́sítérì ti Hébérù, orúkọ Ọlọ́run kò hàn rárá. Àwọn kan tọ́ka sí 5:4, níbi tí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ Y, H, W, H. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé akọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ọ̀ràn yìí kan àwọn tí ń kọ́ àgbà ní ìwé kíkà ní Kambolé, Tchamba àti Sokodé. Ẹni tí ó ti lọ sí ilé-kéú mọ̀ pé àmì fáwẹ̀lì ni ó ń jẹ́ kí ọmọdé ka Kùránì láìṣìnà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àmì ohùn ń ṣe: bí a bá yọ ọ́, igbá, ìgbà àti igba di ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ lè rò pé àmì kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí òǹkàwé nìkan yóò dákẹ́ nígbà tí ìrántí náà bá kú. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ń gba orúkọ àti oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àgbà gbọ́dọ̀ fi àmì sí i lójú ẹsẹ̀, nígbà tí àgbà náà ṣì wà láti pè é.